Kóòṣì Tuntun, Aṣọ Àlòkù: Àríyànjiyàn Àwọn Olólùfẹ́ Arsenal àti Manchester United

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ni mo fi ṣíde ọ̀rọ̀ mi nítorí pé mo ní ìpín nínú ẹjọ́ tí mo fẹ́ dá yìí. Láti kékeré ni mo ti ń ṣe ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Manchester United. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí a jọ ń sùn nínú yàrá kan nílé wa ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, Arsenal ni tirẹ̀. Ìyá kan náà ló bí wa, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ méjèèjì bá pàdé, a kì í jẹun nínú àwo kan náà.

Kì í ṣe ẹgbẹ́ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni àríyànjiyàn kan tí kì í tán lẹ́nu àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Bí ẹgbẹ́ kan bá lé kóòṣì rẹ̀ lọ tí ó sì mú òmíràn wá, bí ó bá ra agbábọ́ọ̀lù yìí tí ó sì ta tọ̀hún, báwo ni a ṣe ń mọ̀ bóyá ó ṣe é re tàbí ó ṣe é lódì? Kí ni òṣùwọ̀n wa?

Ẹ̀yin òǹkàwé lè máa wí lọ́kàn yín pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kàn mí. Èdè Yorùbá ni a fi ń jiyàn náà, òwe Yorùbá ni a fi ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ju ìyẹn lọ, èmi fúnra mi ti fi irú àṣìṣe tí ó wà nínú rẹ̀ ba nǹkan jẹ́ rí láàrin wa níbí, gẹ́gẹ́ bí n ó ti ṣàlàyé níwájú.

Ilé-ẹjọ́ Àwọn Olólùfẹ́ Bọ́ọ̀lù

Ilé ìwobọ́ọ̀lù tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń lọ kò tóbi. Páànù ni wọ́n fi bò ó. Bẹ́ǹṣì gígùn-gígùn ló kún inú rẹ̀, tẹlifíṣàn méjì wà níwájú, jẹnẹrétọ̀ sì wà ní ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà tí iná bá lọ. A ń sanwó kí a tó wọlé. Onírúurú ènìyàn ló ń wá síbẹ̀: onígbàjámọ̀, awakọ̀, mẹkáníìkì, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bá parí ni ìjókòó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Bí mo ti ń fetí sílẹ̀ láti ọdún dé ọdún, mo ṣàkíyèsí pé ọ̀nà mẹ́ta ni a sábà máa ń gbà dájọ́ níbẹ̀. Èkínní ni orúkọ. Bí ẹgbẹ́ kan bá mú kóòṣì tí òkìkí rẹ̀ ti kàn wá, inú àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ a dùn dé ẹ̀yìn. Bí ó bá mú ẹni tí a kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, wọn a ní ahun ni wọ́n. Èkejì ni owó. Iye tí wọ́n ra agbábọ́ọ̀lù ni àwọn kan fi ń mọ bí ó ti mọ bọ́ọ̀lù tó. Ẹ̀kẹta ni ife ẹ̀yẹ. Ẹni tí ó gba ife ti jàre, ẹni tí kò gbà á kí ó panu mọ́.

Bàbá kan wà láàrin wa tí kì í bá wa lo òṣùwọ̀n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí. Bàbá Ìbejì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Télọ̀ ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn kò sì jìnnà sí pápá ìṣeré Lekan Salami ní Adamásingbà. Wọn kì í ṣe ti Arsenal, wọn kì í sì í ṣe ti Manchester. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni tiwọn, ẹgbẹ́ tí ó kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, nígbà tí ó gba African Cup Winners' Cup ní ọdún 1976. Bí wọ́n bá ti ń pe orúkọ Ṣẹ́gun Ọ̀dẹ́gbàmí, Múdà Lawal àti Best Ogedegbe, ẹ ó rò pé oríkì ìdílé ni wọ́n ń kì.

Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2024, Manchester United lé Erik ten Hag lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ariwo pọ̀ nílé ìwobọ́ọ̀lù. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà sì ń pariwo pé kóòṣì burúkú ni, kí ó máa lọ. Bàbá Ìbejì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní:

“Ẹ̀yin ọmọ yìí, télọ̀ nìkan ni ẹ̀ ń bú. Ta ló ra aṣọ náà? Ta ló gé e? Ara ta ni wọ́n sì wọ̀n kí wọ́n tó gé e?”

Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ là á yé wa.”

Wọ́n ní, “Bí o bá gbé aṣọ tí wọ́n ti gé fún ṣòkòtò wá bá mi, tí o ní kí n fi rán agbádá fún ọ, n ó rán an, nítorí pé owó rẹ ni mò ń wá. Ṣùgbọ́n bí o bá wọ̀ ọ́ dé òde, tí wọ́n fi ọ́ rẹ́rìn-ín, má ṣe sọ pé èmi ni n kò mọ iṣẹ́.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí, mo ń to ọdún àti orúkọ jọ, kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni bàbá wí.

Ta Ló Ń Ra Aṣọ, Ta Ló Ń Rán An?

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ bí iṣẹ́ ti pín nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Láyé ọjọ́un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ máa ń wà. Kóòṣì ló ń kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, òun ló ń yan ẹni tí wọn yóò rà, òun náà ló ń sọ ẹni tí wọn yóò tà. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Alex Ferguson, tí ó wà ní Manchester United láti oṣù kọkànlá ọdún 1986 títí di ọdún 2013. Líìgì mẹ́tàlá ni ó gbà fún wọn. Irú rẹ̀ náà sì ni Arsène Wenger, tí ó wà ní Arsenal láti ọdún 1996 sí 2018. Ó gba líìgì mẹ́ta àti ife FA méje, ẹnikẹ́ni kò sì fi ìyà jẹ wọ́n nínú líìgì sáà 2003/04 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwọn méjèèjì yìí, aṣọ tí wọ́n fúnra wọn rà ni wọ́n ń rán. Bí ẹnìkan kò bá bá ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù wọn mu, wọn kò ní rà á rárá.

Lóde òní, iṣẹ́ náà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Ẹni tí ó ni ẹgbẹ́ ló ni owó. Olùdarí ètò bọ́ọ̀lù ló ń ṣe kòkáárí rírà àti títà, òun àti àwọn tí ń lọ káàkiri ayé láti wo ọmọ tí ó mọ̀ ọ́n gbá. Kóòṣì ló ń kọ́ wọn, tí ó sì ń tò wọ́n sórí pápá. Ìpínṣẹ́ yìí kò burú. Ibi tí ewu wà ni pé bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá fi ohùn ṣọ̀kan, ẹnìkan yóò máa ra àǹkárá, ẹnìkejì yóò máa gé aṣọ òkè, ẹ̀kẹta yóò sì ní adìrẹ ni òun fẹ́ wọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwa olólùfẹ́ kì í kà sí. Bí wọ́n bá ra agbábọ́ọ̀lù, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ni ìwé àdéhùn rẹ̀ sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n kóòṣì tí wọ́n tìtorí rẹ̀ rà á lè máà lo ọdún mẹ́ta. Nígbà tí kóòṣì bá lọ, agbábọ́ọ̀lù kò lọ. Ibẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa gba owó oṣù rẹ̀, tí kóòṣì tuntun yóò sì máa wò ó bí ẹni ń wo aṣọ àlòkù tí kò bá a lára mu.

Manchester United: Kóòṣì Méje Láàrin Ọdún Méjìlá

Nígbà tí Ferguson fẹ̀yìn tì ní ọdún 2013, ife líìgì ogún ni Manchester United ní nílé. Láti ìgbà náà títí di ìparí ọdún 2024, kóòṣì méje ni wọ́n mú wá, láìka àwọn tí ó di ipò mú fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

David Moyes ló kọ́kọ́ dé. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n kọ sínú ìwé fún un, ṣùgbọ́n kò lo ọdún kan pé tí wọ́n fi ní kí ó máa lọ. Louis van Gaal ló tẹ̀ lé e. Ní ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n ra Ángel Di María ní nǹkan bí mílíọ̀nù 60 pọ́n-ùn ní ọdún 2014. Ọdún kan péré ni Di María lò tí ó fi bá tirẹ̀ lọ. Van Gaal gba ife FA ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, lẹ́yìn ọjọ́ méjì péré ni wọ́n lé e.

José Mourinho ló kàn. Òkìkí rẹ̀ kò kéré. Wọ́n ra Paul Pogba fún un ní mílíọ̀nù 89 pọ́n-ùn, bẹ́ẹ̀ ọmọ ọwọ́ wọn ni Pogba tẹ́lẹ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ó lọ ní ọdún 2012. Mourinho gba ife méjì ní ọdún 2017, ó sì ṣe ipò kejì nínú líìgì ní sáà 2017/18. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejìlá ọdún 2018, ó ti dèrò ilé.

Ole Gunnar Solskjær gba ipò rẹ̀. Ní ìgbà tirẹ̀ ni wọ́n ra Harry Maguire ní mílíọ̀nù 80 ní ọdún 2019, tí wọ́n sì ra Jadon Sancho ní mílíọ̀nù 73 ní ọdún 2021. Ọ̀dọ́mọdé ni Sancho; eré ìdárayá tí ó ń yára láti ẹ̀gbẹ́ pápá ni tirẹ̀. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n tún mú Cristiano Ronaldo padà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì, tí kò lè sáré lé bọ́ọ̀lù bí ti àtijọ́ mọ́. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: aṣọ méjì tí kò bára mu ni wọ́n gbé fún télọ̀ kan láti fi rán ẹ̀wù kan. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n lé Solskjær. Ralf Rangnick wá di ipò mú títí sáà fi parí.

Lẹ́yìn náà ni Ten Hag dé láti Ajax ní ọdún 2022. Òun náà fẹ́ àwọn tí ó ti mọ̀. Wọ́n ra Lisandro Martínez àti Antony fún un láti Ajax; ti Antony lé ní mílíọ̀nù 80 pọ́n-ùn. Ó gba ife Líìgì ní ọdún 2023 àti ife FA ní ọdún 2024. Ní oṣù keje ọdún 2024, wọ́n fi kún àdéhùn rẹ̀, wọ́n sì tún ra àwọn mìíràn tí ó ti kọ́ rí ní Ajax. Nígbà tí oṣù kẹwàá yóò fi parí, wọ́n ti lé e.

Wàyí o, ẹni tí wọ́n wá mú ní oṣù kọkànlá ni Ruben Amorim láti Sporting ti Lisbon. Ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ẹni mẹ́ta ni ó ń tò sẹ́yìn, tí àwọn méjì yóò máa sáré lọ sáré bọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin sẹ́yìn ni Ten Hag ń tò, iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ra àwọn agbábọ́ọ̀lù náà fún. Ipò karùndínlógún ni wọ́n ti parí líìgì sáà 2024/25, Tottenham sì nà wọ́n nínú àṣekágbá Europa League.

Nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ sórí ìwé, mo rí i pé òótọ́ ni Bàbá Ìbejì wí. Owó kò wọ́n wọn. Orúkọ ńlá kò wọ́n wọn. Ohun tí ó wọ́n wọn ni ẹni tí yóò dúró lójú kan, tí yóò sì sọ pé báyìí ni a fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù, kóòṣì wù ó dé, kóòṣì wù ó lọ. Ẹ gbọ́ ná, oṣù kẹta ọdún 2021 ni Manchester United ṣẹ̀ṣẹ̀ yan olùdarí ètò bọ́ọ̀lù fún ìgbà àkọ́kọ́, lẹ́yìn tí kóòṣì mẹ́ta ti wá tí wọ́n sì ti lọ.

Arsenal: Ohun Tí A Fi Ẹ̀sọ̀ Mú

Kí ẹ má ṣe rò pé Arsenal kò ṣìṣe o. Nígbà tí Wenger lọ ní ọdún 2018, Unai Emery ni wọ́n mú. Ní ọdún 2019, wọ́n ra Nicolas Pépé ní mílíọ̀nù 72 pọ́n-ùn, owó tí wọn kò san irú rẹ̀ rí nígbà náà. Pépé kò kún ojú owó náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n lé Emery. Gbogbo ènìyàn ló ń fi Emery ṣe ẹlẹ́yà nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, Emery kan náà ló kó Villarreal wá gba ife Europa League mọ́ Manchester United lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí. Kóòṣì tí iṣẹ́ rẹ̀ kò yọrí níbì kan lè jẹ́ ọ̀gá níbòmíràn, bí aṣọ tí wọ́n gbé fún un bá jẹ́ èyí tí ó mọ̀ ọ́n rán.

Mikel Arteta ni wọ́n mú ní oṣù kejìlá ọdún 2019. Kò ṣe kóòṣì àgbà rí. Agbábọ́ọ̀lù Arsenal ni tẹ́lẹ̀, ó sì ti ṣe igbákejì Pep Guardiola ní Manchester City. Ó gba ife FA ní ọdún 2020, ṣùgbọ́n ipò kẹjọ ni wọ́n ṣe nínú líìgì ní sáà yẹn àti èyí tí ó tẹ̀ lé e. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2021/22, ìyà mẹ́ta léraléra ni wọ́n jẹ láìgbá góòlù kan ṣoṣo wọlé. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n wà. Mo rántí pé èmi ni mo ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi dá ilé ìwobọ́ọ̀lù dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pariwo jù pé kí Arteta máa lọ.

Àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ kò lé e. Ní àsìkò náà gan-an, ènìyàn mẹ́fà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, kò sì sí èyí tí ó ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ nínú wọn. Martin Ødegaard wà níbẹ̀, Ben White wà níbẹ̀. Edu, tí òun náà ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal rí, ló ń darí ètò rírà. Òun àti kóòṣì ti fẹnu kò lórí irú ènìyàn tí wọ́n ń wá. Àwọn tí orúkọ wọn tóbi ṣùgbọ́n tí wọn kò bá ètò náà mu, bí Mesut Özil àti Pierre-Emerick Aubameyang, wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò rí owó gidi gbà lórí wọn.

Lẹ́yìn tí ìpìlẹ̀ ti dúró ni wọ́n tó náwó ńlá. Ní ọdún 2023, wọ́n ra Declan Rice ní mílíọ̀nù 100 pọ́n-ùn àti márùn-ún tí ó lè gorí rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí ìyàtọ̀ rẹ̀. Manchester United ra ẹni mílíọ̀nù 80 kí ó lè wá tún ilé tí ó ń wó kọ́. Arsenal kọ́ ilé tán, wọ́n wá ra ilẹ̀kùn tí ó bá ẹnu ọ̀nà mu.

Ọ̀kan tún wà tí wọn kò fi owó rà rárá, òun sì ni gbogbo Mọ́kọ́lá ń pè ní ọmọ wa. Bukayo Saka ni. Àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i, orúkọ Yorùbá ni wọ́n sì sọ ọ́. Ọmọ ọdún méje ni ó jẹ́ nígbà tí ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù Arsenal. Emery ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní ọdún 2018, Arteta ló sọ ọ́ di òpómúléró. Ọ̀nà yìí pọ̀ ní sùúrù ju rírà lọ, ṣùgbọ́n igi tí a fúnra wa gbìn, a mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ dé.

Ife Ni Kí A Kà Ni, àbí Ipò?

Níbi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé yìí, ẹgbẹ́ mi ní Manchester United yóò ti máa bínú sí mi. Wọn yóò ní, “Ife mélòó ni Arteta gbà?” Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a sá fún un. Láti ìgbà tí Wenger ti lọ ní ọdún 2018 títí di ìparí sáà 2024/25, ife FA kan ni Arsenal gbà. Manchester United gba méjì: ife Líìgì àti ife FA. Ní àkókò náà, kò sí èyí tí ó gba líìgì nínú àwọn méjèèjì. Bí ó bá jẹ́ pé ife nìkan ni òṣùwọ̀n, àwa la jàre.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo apá kejì. Ní sáà 2022/23, àmì 84 ni Arsenal ní nínú líìgì, Manchester United ní 75. Ní sáà 2023/24, Arsenal ní 89, àwa ní 60. Ní sáà 2024/25, Arsenal ní 74, àwa ní 42. Ipò kejì ni Arsenal ṣe ní ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwa ń sọ̀ kalẹ̀ láti ipò kẹta sí ìkẹjọ, láti ìkẹjọ sí ìkarùndínlógún.

Lójú tèmi, ife dà bí iṣẹ́ ọdẹ, líìgì dà bí iṣẹ́ oko. Ìdíje mẹ́fà péré ni ẹgbẹ́ ńlá máa ń gbá kí ó tó gba ife FA. Ọdẹ lè ṣe orí ire ní ọjọ́ kan kí ó pa ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n ìdíje 38 ni líìgì. Ẹni tí kò bá gbin nǹkan, tí kò ro oko rẹ̀, kò lè kórè níbẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ kan yan kóòṣì re, tí ó sì ra ènìyàn re, oko rẹ̀ ni kí a lọ wò. Kò tán síbẹ̀ o: àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ dára lọ́dún mẹ́ta tí kò rí ọjà tà, àwọn ará ilé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í léèrè. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi náà kò gbọdọ̀ máa yangàn ju bí ó ti yẹ lọ.

Ohun Tí Ojú Mi Rí Nílé

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ ohun tí mo ní n ó jẹ́wọ́. Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa wọ ìdíje bọ́ọ̀lù láàrin àwọn ẹ̀ka. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin kan ló ń kọ́ àwọn ọmọ wa. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó máa ń kó wọn jáde, mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ọdún kìn-ín-ní tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀. A gbá ìdíje méjì, wọ́n na wá nínú méjèèjì.

Àwa márùn-ún ló wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń bójú tó eré ìdárayá. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ jù níbi ìpàdé. Mo ní, “Ẹ jẹ́ kí a wá ẹlòmíràn.” Ẹni tí a wá náà gbajúmọ̀ nínú ọgbà, ó sì ní òun kò lè lo àwọn ọmọ kéékèèké. A yọ àwọn mẹ́ta yẹn kúrò, a kó àwọn géńdé tí orúkọ wọn ń ró sí i. Wọn kò bára wọn gbá bọ́ọ̀lù rí. Góòlù mẹ́rin sí òdo ni wọ́n fi lé wa nínú ìdíje náà.

Èyí tí ó dùn mí jù kọ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ mẹ́ta náà kò bá wa wá sí pápá mọ́ títí di òní. Nígbà tí mo lọ bẹ ẹni tí a lé, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àwa la ṣìṣe.” Ó wò mí, ó ní, “Àbúrò, n kò bínú. Ẹ kàn ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu ni. N kò tíì sọ gbólóhùn mi dé ìdajì tí ẹ fi ní kò nítumọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí nígbà tí Bàbá Ìbejì ń sọ ti aṣọ àti télọ̀. Ariwo tí mo pa nílé ìwobọ́ọ̀lù kò dé etí ẹnikẹ́ni ní Manchester. Ṣùgbọ́n àṣà ariwo náà ni mo gbé wọ inú ìpàdé ẹ̀ka wa, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ mi.

Ìkádìí

Ní àkótán, ohun tí mo rí fà yọ ni pé mímú kóòṣì wá àti ríra agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì. Ọ̀rọ̀ kan ni. Nígbà mìíràn tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀, dípò kí a máa ka orúkọ àti owó, ìbéèrè mẹ́ta ni mo rọ̀ wá láti máa bèèrè. Ta ló yan agbábọ́ọ̀lù yìí, ǹjẹ́ òun àti kóòṣì sì gbọ́ra wọn yé? Irú iṣẹ́ wo ni wọ́n rà á fún? Ọdún mélòó ni wọ́n ṣe tán láti fi dúró dè é? Ẹgbẹ́ tí ó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jìyà lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà rẹ̀ là.

N kò sọ pé kí a má lé kóòṣì rárá. Bí télọ̀ bá ń ba aṣọ jẹ́ lóòótọ́, kí a gba aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ wo aṣọ tí a gbé fún un.

Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Arsenal ló ṣe é re jù nínú àwọn méjèèjì. Ó ní òun kò gbà pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde, kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ti Manchester United náà ni mo ṣì ń ṣe. Bí ìdíje ẹ̀ka bá sì tún dé ní ọdún yìí, mo ti pinnu pé èmi fúnra mi ni n ó lọ kan ilẹ̀kùn yàrá àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn. Ohun tí a fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a fi agbára mú ní ń nini lára. Ire o.